CD player wo ló yẹ amplifier túùbù àtijọ́?

Àkànmú Ṣúrúlérè kọ:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Dynaco ST-70 ni amplifier tó wà ńlẹ̀, PAS-3 ni preamp rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣètò ohùn kó tó dé amplifier). Ti Amẹ́ríkà ni méjèèjì, 120 fóltì ni wọ́n ń jẹ, step-down 220 sí 110 ló ń fún wọn níná. Wọ́n ti yọ àwọn capacitor àtijọ́ inú wọn, wọ́n ti fi tuntun sí i, bias ST-70 (ohun tí wọ́n fi ń mọ bí iná tó ń gba inú túùbù ṣe pọ̀ tó) sì wà ní 1.56 fóltì lójú ihò méjèèjì tó wà níwájú. Rẹ́kọ́ọ̀dù ń dún lórí rẹ̀ bó ṣe yẹ. CD ni mo fẹ́ fi kún un, torí jùjú àti àpàlà tó wà lọ́wọ́ lórí CD ti pọ̀ ju ti rẹ́kọ́ọ̀dù lọ.

Mẹ́ta ni mo ń wò. Àkọ́kọ́ ni Philips tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ṣe kó tó di 1990, TDA1541 ni DAC (ẹ̀yà tó ń sọ nọ́ńbà inú CD di ohùn) tó wà nínú rẹ̀, 220 fóltì. Èkejì ni Sony tí wọ́n kó wá láti Japan, 100 fóltì ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí n ra DVD player tuntun tó ní ihò coaxial, kí n so DAC kékeré mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà. DVD player àlòkù ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Fọ́lúùmù ò tíì kúrò nílẹ̀ tán tí ilé á ti kún fún ariwo, níbẹ̀ yẹn sì ni sípíkà òsì máa ń ké ju ọ̀tún lọ. Bí mo bá gbé e sókè, méjèèjì á dọ́gba, àmọ́ kò ṣeé gbọ́ ní pálọ̀ mọ́. Ṣé player ló ń ṣe é ni, àbí PAS-3 ti ń kú lọ?

Bàbá Lẹ́ẹ̀dì, Yábàá kọ:

PAS-3 yín ò kú o. Ohun tó ń wọ inú rẹ̀ ló pọ̀ jù.

1959 ni ST-70 jáde, CD ò sì dé títí di 1982. Rédíò àti ẹ̀rọ téèpù ìgbà Dynaco kì í sábà tú ju ìdajì fóltì lọ jáde. CD player ń tú 2 fóltì jáde níbi tí orin bá ti le jù. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 1.3 fóltì péré ni ST-70 ń fẹ́ kó tó lo gbogbo wáàtì 35 rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, PAS-3 á sì tún sọ ohun tó bá wọlé di ńlá kó tó fà á lé e lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí fọ́lúùmù fi ń jókòó sísàlẹ̀. Fọ́lúùmù sítíríò, méjì ló wà lórí ọ̀pá kan náà, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọn kì í bára dọ́gba. Bẹ́ ẹ bá yí wọn sókè díẹ̀ ni wọ́n máa ń bára rìn. Ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́ lápá òsì nìyẹn.

Ẹ má tìtorí ẹ̀ wá player kiri, torí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ ló máa ṣe bákan náà. Ẹ dín ohùn náà kù kó tó wọlé ni. Resistor (ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù) méjì fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: 47k kan àti 10k kan, 1/4 wáàtì, metal film, 1%. Wáyà àárín tó ń bọ̀ láti player, ẹ jẹ́ kó gba inú 47k kọjá sí àárín plug tó ń wọ preamp. Ibi tí 47k ti jáde gan-an ni kẹ́ ẹ ti so 10k mọ́ gíráńdì. 2 fóltì á di 0.35. PAS-3 fúnra rẹ̀ á tún fà á wálẹ̀ díẹ̀ sí i, kò pọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti kéré jù, ẹ fi 22k rọ́pò 47k, á di bíi 0.6.

Ẹ̀bá preamp ni kẹ́ ẹ ṣe é sí, kì í ṣe ẹ̀yìn player. Ohùn tó ti gba inú resistor kọjá ò lágbára mọ́ láti ti wáyà gígùn. Wáyà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohùn òkè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á wá máa dún bí èyí tí wọ́n fi aṣọ bò, á sì tún máa kó ariwo iná mọ́ra. Bí inú plug bá gbà á, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Bí kò bá gbà á, agolo páànù kékeré dára, ẹ so agolo náà mọ́ gíráńdì.

Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: àwọ̀ ara méjèèjì jọra. 47k jẹ́ ìyeyè, àlùkò, dúdú, pupa, búráwùn. 10k jẹ́ búráwùn, dúdú, dúdú, pupa, búráwùn. Bẹ́ ẹ bá gbé ọ̀kan sí àyè èkejì, 2 fóltì á di 1.65, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ẹ ó wá rò pé ìmọ̀ràn náà ni kò dáa. Nítorí náà, ẹ fi mítà wò ó kẹ́ ẹ tó fi í sínú ihò. Láti àárín dé àárín, 47k. Láti àárín ẹ̀gbẹ́ player sí gíráńdì, 57k. Láti àárín ẹ̀gbẹ́ preamp sí gíráńdì, 10k.

Ihò rédíò (Tuner) ni kẹ́ ẹ fi plug náà sí lẹ́yìn PAS-3. Kò gbọdọ̀ dé Phono, kò gbọdọ̀ dé Tape Head. Abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí ohùn rẹ̀ ò ju ìwọ̀nba milifóltì lọ ni wọ́n ṣe Phono fún, ó sì máa ń fi kún ohùn ìsàlẹ̀. CD níbẹ̀ á nípọn bí ẹ̀kọ, á sì fọ́.

Fún ẹlòmíì tó ń kà á: ti Dynaco rọrùn torí ohùn rédíò máa ń gba fọ́lúùmù kọjá kó tó kan túùbù. Àwọn preamp kan wà tí túùbù máa ń ṣáájú fọ́lúùmù. Nínú irú wọn, 2 fóltì ti fún túùbù lọ́rùn kẹ́ ẹ tó dín ohunkóhun kù, gángan á máa dún bí agolo bẹ́ ẹ bá tilẹ̀ rọra ń gbọ́ ọ. Dandan ni resistor fún ìyẹn.

Ìyá Sítíríò, Ìsàlẹ̀ Èkó kọ:

Mo fara mọ́ ti Bàbá Lẹ́ẹ̀dì lórí ohùn. Ní ti èyí tẹ́ ẹ máa rà, lẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tó bi ẹnikẹ́ni nípa DAC. TDA1541 dára lóòótọ́, àmọ́ kò lè ka CD fún yín. Lẹ́ńsì Philips ayé ìgbà yẹn, apá tó ń jù bí apá rẹ́kọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Bó bá kú, ẹ ó wá òmíràn tì lọ́jà. Ti Sony bíi KSS-240A wà káàkiri, àmọ́ ayédèrú rẹ̀ náà pọ̀.

Ẹ mú CD mẹ́ta dání bẹ́ ẹ bá ń lọ sí Aláàbà tàbí Lawanson. Ẹ mú ojúlówó kan tó gùn ju ìṣẹ́jú 70 lọ, CD-R (CD òfìfo tí wọ́n da orin kọ sí) kan, àti ọ̀kan tó ti họ díẹ̀. Ẹ fi ojúlówó sí i. Kò yẹ kó ju bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ kí iye orin tó yọ lójú rẹ̀. Ẹ lọ tààrà sí orin tó kẹ́yìn. Àárín ni CD ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sétí, nítorí náà orin ìkẹyìn ni lẹ́ńsì tó ti rẹ̀ àti ojú irin tí gírísì rẹ̀ ti gbẹ ti máa ń tú àṣírí ara wọn. Ẹ fò láti orin kìíní sí ìkẹyìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ wá jẹ́ kó máa kọrin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó gbóná, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe dáadáa ní tútù.

Bẹ́ ẹ bá rí i tí ọlọ́jà mú skrú-dráífà, tó fẹ́ yí nǹkan róbótó kékeré tó wà lára lẹ́ńsì, ẹ dá a dúró. Iná lẹ́ńsì ló ń gbé sókè. Á ka CD lójú yín, kò ní pẹ́ kú.

CD tẹ́ ẹ ní ńkọ́? Èyí tó bá jẹ́ àdàkọ lórí CD-R, player àtijọ́ tí lẹ́ńsì rẹ̀ le á kà á. CD-RW (èyí tó ṣeé pa rẹ́ kọ òmíràn sí) ò ní ṣeé ṣe, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà kò ju 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí CD gidi ń dá 70 ó kéré tán padà. MP3 tí wọ́n kó orin ọgọ́rùn-ún sórí rẹ̀, Philips àti Sony yìí ò ní mọ ohun tó jẹ́ rárá. Bí irú ẹ̀ bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, DVD player ló yẹ yín.

Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ lẹ́ńsì Sony, ẹ wo wáyà pẹlẹbẹ ara rẹ̀ dáadáa. Lẹ́ẹ̀dì bíntín kan so ojú méjì pọ̀ níbẹ̀ kí iná ara èèyàn má bàa pa á. Ẹ so wáyà rẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó fi áyọ́ọ̀nù yọ lẹ́ẹ̀dì yẹn. Àwọn tó gbàgbé ẹ̀ máa ń sọ pé lẹ́ńsì tuntun ò ṣiṣẹ́.

Adé Múṣin kọ:

Sony 100 fóltì yẹn, ẹ má so ó mọ́ step-down yín o. Ìlàjì ohun tí NEPA bá gbé wá ni step-down ń tú jáde. Ní 220 ẹ ó rí 110, ní 240 ẹ ó rí 120. Bí iná bá sáré dé 260, 130 nìyẹn, ìyẹn ọgbọ̀n lé sórí ọgọ́rùn-ún tí player ń fẹ́. Regulator (ẹ̀yà tó ń mú fóltì dúró lójú kan) inú rẹ̀ á máa gbóná bí àdògán, capacitor ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbẹ. Transformer tó ń sọ 240 di 100 ló ń fẹ́, 50VA tó o. Bí kò bá sí i, ẹ fi Sony sílẹ̀.

50 tàbí 60 Hz ò kan CD player. Kírísítà inú rẹ̀ ló ń darí eré rẹ̀, kò dà bíi rẹ́kọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà tó máa ń fà nílẹ̀ níbí.

130 yẹn kò sì dáa fún ST-70 náà, 6.3 fóltì tó ń gbóná inú túùbù á di 6.8. Stabilizer ní iwájú step-down ni mo máa fi owó ṣe kí n tó ra player kankan.

Àkànmú Ṣúrúlérè kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. MP3 ò pọ̀ lọ́wọ́ mi, ojúlówó ló pọ̀ jù. Ọ̀kan kù: DVD player yìí máa ń mú kí sípíkà kùn hùn-ùn, bí orin ò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ibi tó wà sì ni orí ST-70, torí àyè ò sí.

Bàbá Lẹ́ẹ̀dì, Yábàá kọ:

Ẹ gbé e kúrò lórí rẹ̀ lónìí. Túùbù EL34 kọ̀ọ̀kan inú ST-70 ń jẹ 6.3 fóltì ní 1.5 ámpì láti fi gbóná lásán. Mẹ́rin ni, bíi wáàtì 38 nìyẹn kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ooru yẹn ń sè lẹ́ńsì àti rọ́bà tó ń ti àwo jáde.

Ní ti kíkùn, ẹ wò ó bóyá wáyà tẹlifíṣọ̀n wà lára DVD player náà. Ẹ yọ ọ́ pátápátá, pẹ̀lú wáyà díṣì tó bá wà lára tẹlifíṣọ̀n. Gíráńdì tó ń gba ibẹ̀ wọlé ló sábà ń fà á. Bó bá ṣì ń kùn, ẹ kó gbogbo wọn sórí extension kan náà, kẹ́ ẹ wá yí plug ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà padà. Ẹ má gé gíráńdì amplifier kúrò nítorí pé ó ń kùn o. Iná tó lé ní 400 fóltì wà nínú ST-70. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yọ wáyà kan, ẹ pa á ná, ẹ má yọ ti sípíkà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, transformer ẹ̀yìn lè jó.

Bó bá jẹ́ ojúlówó CD lẹ ní, Philips ni kẹ́ ẹ mú bí lẹ́ńsì rẹ̀ bá yege ohun tí Ìyá Sítíríò kà sílẹ̀. Bó bá kùnà ẹyọ kan nínú wọn, ẹ má dúnàádúrà, ẹ lọ ra DVD player àti DAC. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta player tó ní túùbù nínú fún yín ní ọ̀wọ́n, túùbù ti pọ̀ tó nínú PAS-3.

Resistor, ẹ ra mẹ́wàá mẹ́wàá nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, kò wọ́n. Ẹ fi mítà wọ̀n gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ mú méjì tó bára dọ́gba jù nínú 47k, méjì nínú 10k, kí òsì àti ọ̀tún lè ké bákan náà.