Báwo lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní probability tó fi ń yé wọn dénú?

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tíṣà ìṣirò ni mí, SS2 ni mò ń kọ́. Orí probability la wà ní táàmù yìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé kí orí owó ẹyọ jáde lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, wọ́n á ní 1/4, wọ́n á sì gbà á. Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n pé: genotype bàbá jẹ́ AS, ti ìyá náà jẹ́ AS, wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta, kò sí SS (ọmọ tó ní àrùn sickle cell) nínú wọn, kí ni ìkẹrin máa jẹ́? Gbogbo kíláàsì pa ohùn pọ̀: "SS ni, sà!"

Ìwé tí à ń lò ò ràn mí lọ́wọ́. Owó ẹyọ àti káàdì tẹ́tẹ́ ló kún inú rẹ̀. Owó ẹyọ náírà méjì tí wọ́n gbé jáde ní 2007, ta ló ń fi í ra nǹkan lọ́jà? Káàdì ńkọ́? Òbí mìíràn ò ní fẹ́ kó wọlé òun rárá. Kí lẹ̀yin ń lò?

Ìyá Àdùnní:
Tíṣà wa, ẹ kú làálàá. "SS ni" tí wọ́n wí yẹn gan-an ni kí ẹ dì mú, ẹ má tètè bá wọn tún un ṣe. Wọ́n ti gbọ́ pé "ọ̀kan nínú mẹ́rin" ọmọ bàbá AS àti ìyá AS ló ń jẹ́ SS, wọ́n wá rò pé bó bá ti fo mẹ́ta, dandan ni kó kan ìkẹrin. Àgbàlagbà pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tọkọtaya AS pé, "A ti bí SS tiwa, ó tán." Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí púpọ̀, torí ọmọ ni wọ́n ń bí lé e lórí.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì, ife méjì fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ìdérí ìgò mínírà méjì nínú ife kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi máákà kọ A sínú ìdérí kan, S sínú ìkejì. Ife kan ni bàbá, èkejì ni ìyá. Kí ọmọ dijú, kó mú ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá, kó kọ ohun tó jáde sílẹ̀: AA, AS tàbí SS. Kó dá wọn padà, kó mi ife, kó tún mú. Ẹ dúró tì wọ́n níbi dídá a padà yẹn o, torí ẹlòmíràn á fẹ́ fò ó kó lè yá. Bí wọ́n bá mú un lẹ́ẹ̀mẹrin, ìdílé kan pé nìyẹn. Kí ìjókòó kọ̀ọ̀kan ṣe ìdílé mẹ́wàá.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀: nínú ìdílé mẹ́wàá, mélòó ni yóò ní SS kan ṣoṣo? Púpọ̀ nínú wọn á kọ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú bọ́ọ̀dù. Ẹ ó rí ìdílé tí SS kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ ó rí èyí tó ní méjì, ẹ ó rí èyí tó ní mẹ́ta, ariwo á sì sọ. Ìgbà yẹn ni kí ìṣirò tó wọlé: 3/4 ni pé ọmọ kan ò ní jẹ́ SS, fún ọmọ mẹ́rin ó di 3/4 × 3/4 × 3/4 × 3/4, 81/256. Bí ìdílé 32 nínú 100 ò ní ní SS kankan. Èyí tó ní ẹyọ kan géérégé jẹ́ 108/256, bí 42 nínú 100, kò tiẹ̀ tó ìdajì. Àwọn bí 26 tó kù á ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá tún ìbéèrè yín bi wọ́n: ṣé ife mọ ohun tó ti jáde nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ọmọ ìkẹrin, 1/4 ni. Ìkẹjọ, 1/4 náà ni.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:
Ìyá mi, ẹ ṣé gan-an ni, mà. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ní kí ọmọ kankan dárúkọ genotype tirẹ̀ ní kíláàsì. Ọmọ SS lè wà láàárín wọn, kò sì yẹ kó di ẹni tí gbogbo ojú ń wò. Ìdílé inú ife ni kí ẹ máa sọ. Bí wọ́n bá ti ṣe AS pẹ̀lú AS tán, kí ẹ fi A rọ́pò S inú ife kan, kí wọ́n tún mú. Wọn ò ní rí SS kankan, bó ti wù kí wọ́n mú un pẹ́ tó. Èyí ló máa ń mú wọn béèrè ìdí tá a fi ní kí èèyàn ṣe àyẹ̀wò kó tó yan ẹni tó máa fẹ́.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
256 tí màmá kọ yẹn wù mí. Ojú mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí babaláwo fi ń dá Ifá, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Kálukú lè ṣí tàbí kó dojú dé. Apá kan á fún wa ní 16, méjèèjì ní 16 × 16, iye Odù nìyẹn. Èmi á fi kọ́ wọn.

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìyá mi, ìbéèrè kan ló kù. Bí ìdílé tó ní SS kan ṣoṣo ò bá tó ìdajì, níbo ni "ọ̀kan nínú mẹ́rin" wá wà? Mo mọ̀ pé wọ́n á bi mí.

Ìyá Àdùnní:
Wọ́n á bi yín lóòótọ́, inú mi sì máa ń dùn sí i. Kí wọ́n ka gbogbo SS tó wà lójú bọ́ọ̀dù pọ̀, kí wọ́n pín in sí iye ìdílé. Àròpín náà á súnmọ́ 1, ọmọ kan nínú mẹ́rin. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìdílé mẹ́wàá tiwọn nìkan ṣe é, wọ́n á rí i bó ṣe ń fì síwá-sẹ́yìn láti ìjókòó kan sí èkejì. Ti gbogbo kíláàsì á wá dúró ṣinṣin. Statistics wọn ti wọlé nìyẹn, láìdúró de táàmù tó ń bọ̀. Ẹ gba pírẹ́ọ̀dù méjì tó tẹ̀léra fún un, ọ̀kan ò ní tó.