Mo ń wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta láti Ìbàdàn lọ sí Àjàṣẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì_Gbági:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí n kò fẹ́ dá ṣe, torí ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dá ilé ìwé aládàáni kan sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin. Jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó ti dé CM2 báyìí, kíláàsì tí wọ́n ti ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ làwọn òbí ń béèrè Gẹ̀ẹ́sì. Púpọ̀ nínú wọn ló ń bá Èkó ṣòwò, wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn lè bá oníbàárà ibí sọ̀rọ̀, tàbí kó wá ka yunifásítì lọ́dọ̀ wa. Àǹtí wá ní kí n bá àwọn wá olùkọ́ mẹ́ta láti Ìbàdàn kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n máa san 100,000 sẹ́fà lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fún wọn ní yàrá.

Èmi kì í ṣe olùkọ́. Àǹkárá ni mò ń tà ní Gbági tuntun. Mo kàn dárúkọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, CV bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ WhatsApp mi. Ẹni tó ka ìmọ̀ ìfowópamọ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó ka iṣẹ́ ọ̀gbìn náà fi ránṣẹ́. Ọ̀kan ní ohunkóhun tí wọ́n bá ní kóun kọ́ lòun máa kọ́, kóun ṣáà ti kọjá bọ́dà. Ìyá kan wá bá mi ní ìsọ̀, ó ní ọmọ òun ń kọ́ni ní ilé ìwé aládàáni kan lápá Apáta, pé bó bá ti yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú owó oṣù rẹ̀, kì í ṣẹ́ ku nǹkan. Ó na owó sí mi kí n lè fi orúkọ ọmọ náà ṣáájú. Mo dá a padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: báwo lèmi tí n kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ṣe máa dá ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ̀? Kí ló yẹ kó wà nínú àdéhùn? Ìwé wo ni wọ́n máa mú dání? Ṣé owó yẹn sì dára? Bí nǹkan bá ṣe wọ́n lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ mi làwọn òbí wọn máa wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Àǹtí.

ỌmọSàngó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí. Kì í ṣe Àǹtí yín ni mo fura sí. Àmọ́ bí àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ tà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyí: iṣẹ́ wà, yàrá wà, ẹ ṣáà ti máa bọ̀. Láti 2003 la ti ní òfin tó dá NAPTIP sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àwọn tó ń kó èèyàn tà, síbẹ̀ wọn ò tíì jáwọ́. Ẹ jẹ́ káwọn òbí rí ojú Àǹtí lórí fídíò, kí wọ́n rí ilé ìwé náà nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n rí yàrá náà àti kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí ẹni tó ń lọ gba nọ́ńbà olùkọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, kí ó bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí Àǹtí kò sí nítòsí.

Olùkọ́Mọ́níyà:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Kútọnu, mo sì kọ́ ọ ní Àjàṣẹ́ kí n tó padà sílé. Mọ́níyà ni mo wà báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí.

Ẹ gbé CV tì ná. Ọmọ tí à ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ pàápàá. Ohun tí WAEC máa béèrè là ń lé: lẹ́tà kíkọ, àkàyé, gírámà. Ọmọ Àjàṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ègùn tàbí Yorùbá ló ń sọ nílé, Faransé ló bá ní ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì wá di èdè kẹta. Bí olùkọ́ bá wọlé tó ní kí wọ́n kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ sílẹ̀, wọ́n á kọ ọ́, ẹnu wọn kò sì ní là. Mo bá irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ pàdé. Ìwé àwọn ọmọ náà kún dé ẹ̀yìn, kò sì sí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun fẹ́ mu omi. Ẹni tí ẹ ń wá ni ẹni tó lè gbé ife sókè, kó pe orúkọ rẹ̀, kó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, kí ọmọ náà pè é, kí ife náà máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí gbólóhùn kan ṣoṣo yí gbogbo kíláàsì ká lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó mú ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ lè dán èyí wò bí ẹ kò tilẹ̀ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ẹ kó ọmọ kéékèèké bíi mẹ́fà jọ lára àwọn ọmọ ìsọ̀ ní Gbági, àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ẹ fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ogún ìṣẹ́jú, kí ó kọ́ wọn ní orúkọ nǹkan márùn-ún, kò sì gbọdọ̀ sọ Yorùbá kankan. Ẹ jókòó sẹ́yìn. Ẹ má wo bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe dùn tó, àwọn ọmọ ni kí ẹ máa wò. Ta ló ń sọ̀rọ̀ jù, olùkọ́ ni tàbí àwọn ọmọ? Nígbà tí ọmọ kan ṣì í pè, ṣé ó jágbe mọ́ ọn ni, àbí ó rọra tún un pè kí ọmọ náà lè gbà á lẹ́nu rẹ̀? Èyí tó ń tijú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ńkọ́, ṣé ó ráyè tirẹ̀? Nígbà tí ó bá tán, kí ẹ̀yin fúnra yín na nǹkan márààrún náà sí àwọn ọmọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò mọ̀.

Mi ò déédéé ní kí wọ́n má sọ Yorùbá. Yorùbá pọ̀ ní Àjàṣẹ́, inú olùkọ́ tó ti Ìbàdàn dé á sì dùn pé òun rí ẹni bá sọ ọ́. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa fi Yorùbá ṣàlàyé gbogbo nǹkan nínú kíláàsì. Àwọn ọmọ Yorùbá á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa dáhùn. Ọmọ Ègùn tó jókòó tì wọ́n á kàn máa wò wọ́n lẹ́nu. Òbí ọmọ Ègùn náà sanwó. Kí Àǹtí fi í sínú òfin ilé ìwé pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa sọ nínú kíláàsì.

Ẹ tún fetí sí bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Yorùbá kò ní ìró v, kò ní z, ọ̀pọ̀ wa sì máa ń fi f àti s rọ́pò wọn. Faransé ní méjèèjì. Ọmọ ọdún méje ní Àjàṣẹ́ á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ pé olùkọ́ pe zoo bíi “súù”, yóò sì délé sọ fún ìyá rẹ̀. Ìró tí yóò ni ọmọ náà lára ni h, torí Faransé kì í pè é, àti th, tí àwa náà kì í sábà pè dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n ka ojú ìwé kan, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Àǹtí.

Ó kan owó. 100,000 sẹ́fà kò burú, torí 52,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin ilẹ̀ Benin fọwọ́ sí láti oṣù kìíní 2023. Ìdí tó fi ń dùn létí wa níbí ni pé sẹ́fà so mọ́ owó yúrò, 655.957 sẹ́fà sí yúrò kan, kì í yẹ̀, nígbà tí náírà ti wálẹ̀ gan-an láti oṣù kẹfà ọdún 2023 yẹn kan náà. Ẹni tó bá ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé á rí i pé ó tó nǹkan. Àmọ́ sẹ́fà náà ni yóò fi jẹun lọ́hùn-ún, òun ni yóò fi wọ ọ̀kadà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ sí náírà kí wọ́n tó kúrò nílé. Ohun tí ẹ máa bi Àǹtí ni pé oṣù mélòó ni wọ́n ń san lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni, níbí àti lọ́hùn-ún, kì í san owó ìsinmi gígùn. Ilé ìwé tí mo kọ́kọ́ ṣe kò san án. Títí wọ́n fi wọlé padà, ohun tí mo ti tọ́jú ni mò ń jẹ, onílé sì ń béèrè owó rẹ̀ lóṣooṣù. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìwé: páásípọ́ọ̀tù, kí wọ́n sì rí i pé wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀ ní bọ́dà, ì báà jẹ́ Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n gbà tàbí Ìdírokò. Káàdì yẹ́lò tó fi hàn pé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní 90 ọjọ́ láìgba físà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìgbélùú ló kù, èyí tí wọ́n ń pè ní carte de séjour. Ilé ìwé ni kó san owó rẹ̀, kí ẹnì kan sì bá wọn lọ ṣe é, torí olùkọ́ tí kò tíì gbọ́ Faransé kò lè dá a ṣe. Páásípọ́ọ̀tù kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, Àǹtí ì báà ní àwọn kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni.

ÌyáÌbejì_Gbági:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí Àǹtí létí. Nǹkan méjì ló kù. Nínú àwọn tó kọ̀wé, ọmọbìnrin kan ní NCE, ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Mókólá. Ọkùnrin kan ní digírì UI nínú ìmọ̀ òṣèlú, ó sì mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ ju gbogbo wọn lọ. Ti UI ni Àǹtí ń fẹ́. Èkejì ni pé Àǹtí fẹ́ kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ọdún méjì, pé ẹni tó bá kúrò kó tó pé máa san gbogbo owó tí ilé ìwé ná lé e padà.

Lọ́yà_RingRoad:

Ìyá wa, ẹ má gba ti ọdún méjì yẹn. Ẹni tó máa san gbèsè kó tó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwọ̀fà ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Kí àdéhùn jẹ́ ọdún kan, kí olùkọ́ tàbí ilé ìwé lè fòpin sí i bí ó bá fún ẹnì kejì ní ìwé ní oṣù kan ṣáájú. Kí ó wà ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìbàdàn níbí ni kí wọ́n ti fọwọ́ sí i, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gúnlẹ̀ sí ibi tí kò ti rọrùn láti kọ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta: ti olùkọ́, ti ilé ìwé, ti àwọn òbí.

Owó ìyá yẹn tí ẹ dá padà, ohun tó tọ́ lẹ ṣe. Àdéhùn àgbáyé lórí àwọn tó ń báni wá iṣẹ́, nọ́ńbà 181 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní 1997, sọ ọ́ ní abala 7 pé wọn kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Bí ìnáwó bá wà, Àǹtí ló ni ín. Òfin iṣẹ́ ti Nàìjíríà náà ní ibi tó ti sọ̀rọ̀ lórí ìwé àṣẹ fún ẹni tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí òkèèrè. Kí ẹ tó lẹ ìpolówó kankan mọ́ ibì kan, ẹ lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbí. Orúkọ ilé ìwé ni kó wà lórí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni ọ̀gá wọn, ẹ má fọwọ́ sí i bí ọ̀gá.

Olùkọ́Mọ́níyà:

Ọmọbìnrin Mókólá ni mo máa kọ́kọ́ pè. NCE ni ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tó kéré jù tí ìjọba wa gbà, TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, sì ń forúkọ àwọn tó ní i sílẹ̀ ní ìsọ̀rí D. Ẹni tí digírì rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní láti fi PGDE, ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn digírì, kún un. Ẹ béèrè ìwé TRCN lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì kọ́ àwọn ọmọ Gbági, kí ẹ ká a sínú fídíò, kí Àǹtí fojú ara wọn wò ó. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ UI yẹn náà mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní dá a lẹ́bi kí n tó rí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá jókòó tì yín lọ́jọ́ náà, màá wá.

ÌyáÌbejì_Gbági:

Ẹ bá mi wá, ẹ jọ̀ọ́. Sátidé ni, lẹ́yìn ọjà àárọ̀. Ìyàwó aládùúgbò mi tó ní jẹ́lé-ó-sinmi ti yá wa ní yàrá kan.

Àǹtí ti fèsì. Wọ́n gba ọdún kan, wọ́n gba láti san owó ìwé ìgbélùú, wọ́n sì ní kí kálukú mú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ dání. Owó ìsinmi gígùn nìkan ni wọn ò tíì gbà. Wọ́n ní àwọn òbí kì í san owó ilé ìwé nígbà yẹn, ibo ni àwọn ti fẹ́ rí i. Mo ní kí wọ́n ṣírò iye tí wọ́n fẹ́ ná lórí olùkọ́ kan lọ́dún, kí wọ́n pín in sí ọ̀nà méjìlá, kí wọ́n sọ iye tó jẹ́ fún àwọn olùkọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lè mọ ohun tó ń lọ gbà. Wọ́n ní àwọn máa rò ó. Mo ti sọ fún wọn, ọkọ mi náà sì ti bá mi sọ ọ́, pé a máa ṣe ìdánwò ní Sátidé, a máa mú orúkọ mẹ́ta, àmọ́ kò sí ẹni tó máa wọ mọ́tò kúrò ní Ìbàdàn títí owó ìsinmi yóò fi wà nínú ìwé náà.