Sọ́fítíwìà fún mánẹ́jà àwọn olórin kílásíkà: báwo ni kí n ṣe to kàlẹ́ńdà rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ sọ́fítíwìà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ mánẹ́jà àwọn akọrin ọ́pẹ́rà, ní kí n kọ ọ̀kan fún òun. Excel ló ń lò, ó sì ti di igbó kìjikìji.

Ìṣirò kọmíṣọ́ọ̀nù kò le. Ọjọ́ ló ń dà mí láàmú. Ilé ọ́pẹ́rà lè ti fi ọwọ́ lé ọjọ́ akọrin ní ọdún 3 ṣáájú, láìtíì fọwọ́ síwèé. Gbọ̀ngàn mìíràn á tún tò sẹ́yìn rẹ̀ fún ọjọ́ kan náà. Láti ìgbà tí UK sì ti kúrò nínú EU, ẹni tó ní páàsìpọ́ọ̀tù UK nìkan kò lè lò ju ọjọ́ 90 lọ láàárín ọjọ́ 180 ní ilẹ̀ Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó pa ẹnubodè wọn pọ̀) láìgba físà. Ọjọ́ ìdánrawò wà nínú rẹ̀, títí kan ọjọ́ tó kàn sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì!

Ṣé kí n kọ kàlẹ́ńdà tèmi ni, àbí kí n so ó mọ́ ti Google? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n ra ti ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi ti dán méjì wò, ó ní wọ́n ń sú òun.