Fóònù wo ni kí n rà fún màmá mi tó ń ta ẹlùbọ́ ní Sábó?

Ọmọ Ìyá Ẹlùbọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá mi ń ta ẹlùbọ́ ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Fóònù tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lò ti gbó. Ike ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dúró mọ́, rọ́bà ni wọ́n fi dè é, bọ́tìnnì 5 ò sì gbọ́ràn àfi téèyàn bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa gbà pé ó tó pààrọ̀. Ohun tí a máa fi rọ́pò rẹ̀ ló dìjà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà ní Android ni dandan, pé òun fẹ́ kí màmá máa rí ojú àwọn ọmọ òun. Ó ti fi owó ránṣẹ́. Màmá ní kí n fi owó náà ra àpò ẹlùbọ́, irú fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn yìí gan-an ni àwọn fẹ́.

Wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ nọ́ńbà dunjú. Èyí tí wọ́n bá ti pè lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wọ orí nìyẹn. Àwọn tó ń kó ẹlùbọ́ wá láti Kíṣì àti Igbóho, orí fóònù ni wọ́n ti ń bá wọn ná an. Àwọn oníbàárà náà ti di onítiransífà báyìí, owó tó ń gba báńkì wọlé ju èyí tí wọ́n ń kà sọ́wọ́ lọ. Ti iná mànàmáná, ẹ̀yin náà ń gbé ìlú yìí.

Owó tó wà nílẹ̀ á ra Android kékeré kan. Tó bá jẹ́ tọ́ọ̀ṣì tuntun ni, á ṣẹ́kù dáadáa. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì
Ra Android fún wọn jàre. Ayé ti lajú. Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa wo àwọn ẹgbẹ́ wọn lójú ni?

Ọmọ Under-G
Mo wà lẹ́yìn Ìyá Ìbejì. Ẹni tí kò kàwé gan-an ni WhatsApp wúlò fún, torí ohùn ni wọ́n á máa fi ránṣẹ́. Màmá àgbà mi ò mọ lẹ́tà kankan, àwòrán ni wọ́n fi ń dá oníkálukú mọ̀. Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbà sílẹ̀, ó ń gùn ju ìwàásù lọ.

Ìyá Aláṣọ
Ẹ̀yin tí ẹ ní kó rà á, ta ni yóò máa bá wọn tẹ̀ ẹ́?

Ọjà ni èmi náà ń tà. Ọmọ mi ra Android fún mi, ó kọ́ mi ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó sì padà sí Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí ojú fóònù kún fún nǹkan tí mi ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ni mo bá ń gbé e tọ ọmọ kan ládùúgbò lọ. Mo fẹ́ fi owó ránṣẹ́, òun ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá owó wọlé, òun ni. Kí n tó mọ̀, ọmọ yẹn ti mọ PIN mi, ó sì mọ iye tó wà nílẹ̀ fún mi ju ọkọ mi lọ. Kò jí mi lówó o, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọlọ́mọ ń wá nínú àpò mi?

Fóònù tọ́ọ̀ṣì, èmi nìkan ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tí mo ń bẹ̀.

Ọmọ Ìyá Ẹlùbọ́
Ẹ ṣé, mà. Màmá mi sọ ohun tó jọ èyí, pé àwọn ò fẹ́ fóònù tí àwọn á máa bẹ ọmọdé kí àwọn tó lè lò ó. Mo rò pé wọ́n ń ṣe agídí ni.

Alátùn-únṣe Fóònù, Tàkíè
Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n fẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Ẹlùbọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Ìyẹ̀fun ẹlùbọ́ máa ń wọ ihò cháàjì, á wọ ibi tí ohùn ń gbà jáde, tí òógùn ọwọ́ bá ti kàn án, á dì mọ́ ibẹ̀ gbagidi. Àwọn tó ń ta ẹlùbọ́, gàrí àti sìmẹ́ńtì ni oníbàárà mi tí kì í wọ́n. Nígbà tí Nokia gbé 1100 jáde ní 2003, irú èèyàn báyìí ni wọ́n rò. Rọ́bà kan náà ni wọ́n fi bo gbogbo bọ́tìnnì kí eruku má ráyè wọlé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì fi tọ́ọ̀ṣì sí i lórí. Èyí tí wọ́n tà nínú rẹ̀ káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 250.

Ṣùgbọ́n má lọ máa wá 1100 kiri. Láti 2009 ni wọn ò ti ṣe é mọ́. Èyí tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́ lónìí pé tuntun ni, àlòkù tí wọ́n pààrọ̀ ike rẹ̀ ni. Àwa tí à ń tún fóònù ṣe la mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ra tọ́ọ̀ṣì tuntun tó ń gba SIM méjì lọ́dọ̀ ẹni tó máa kọ rìsíìtì fún ọ.

Ó ku bátìrì. Ọ̀pọ̀ nínú fóònù tọ́ọ̀ṣì tòní ṣì ń lo BL-5C tí Nokia ń lò nígbà náà, tàbí èyí tó bá a dọ́gba. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa wọn nìyẹn: èèyàn á fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́, á fi òmíràn sí i, ó parí. Bátìrì ọ̀pọ̀ Android tòní, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, mo ní láti fi ooru yọ àtè rẹ̀ kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀, owó iṣẹ́ sì nìyẹn.

Ike ẹ̀yìn tó o ní kì í dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bátìrì ti wú ló ń tì í síta. Yọ ọ́, tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó tẹ́jú, fi ìka yí i. Tó bá ń pòòyì, ó ti wú, má ṣe tà á ní cháàjì mọ́. Má sì ra bátìrì tí kò lórúkọ. Ní 2007, Nokia fúnra wọn kéde pé BL-5C bíi mílíọ̀nù 46 tí ilé-iṣẹ́ Matsushita bá wọn ṣe lè gbóná jù lórí cháàjì, wọ́n ní kí àwọn èèyàn wá gba òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ojúlówó nìyẹn o, ká má tíì sọ ti ayédèrú.

Ọmọ Under-G
Ọ̀gá, ṣé kò sí oníbọ́tìnnì tó ní WhatsApp? Mo rí wọn rí.

Alátùn-únṣe Fóònù, Tàkíè
O rí wọn, KaiOS ló ń darí wọn dípò Android. WhatsApp ti fi wọ́n sílẹ̀. Láti 2024 ni kò ti ṣeé gbà wọlé tuntun mọ́ lórí wọn. Ẹni tó bá ń tà á fún ọ nítorí WhatsApp, owó rẹ ló ń bá wí. Kí o sì ṣọ́ Android tòkunbọ̀ tó ti pẹ́: èyí tí kò bá tó Android 5.0, WhatsApp ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọmọ Under-G
Ṣé 2G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ tí fóònù tọ́ọ̀ṣì ń lò, ò ní kásẹ̀ ńlẹ̀ báyìí? Mo gbọ́ pé wọ́n ti pa á ní òkè òkun.

Alátùn-únṣe Fóònù, Tàkíè
Ilé-iṣẹ́ AT&T pa tiwọn ní Amẹ́ríkà ní 2017. Ti ibí yìí ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn oníbọ́tìnnì tó ń gba 4G wà lọ́jà fún ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já.

Olùkọ́ Àgbà
Ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń kà yín bọ̀ láti òkè. Ní 2001 tí GSM wọ Nàìjíríà, owó SIM nìkan ju owó oṣù mi lọ, èmi ò sì rà á. Nítorí náà ẹ má pè mí ní ẹni tó ń sáré tẹ̀lé ohun tuntun.

Ọ̀rọ̀ owó ni kí a mú le. Álẹ́ẹ̀tì tó ń gba SMS wọlé, fóònù yòówù ló ń gbà á. Àwọn báńkì kan ń gba ₦6 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí. Kí ìyá yín má kọ̀ ọ́ torí pé ó ń jẹ owó. Ẹni tí kò ní app, álẹ́ẹ̀tì yẹn ni ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi báńkì yín léèrè, torí àwọn ilé ìfowópamọ́ orí app kan kì í fi SMS ránṣẹ́ àfi tí èèyàn bá ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́.

Ohun tí oníbàárà bá gbé síwájú yín lójú fóònù tirẹ̀, àwòrán ni. Ẹ ò gbọdọ̀ torí rẹ̀ wọn ẹlùbọ́ fún un. SMS pàápàá, àwọn gbájúẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Tí owó bá ti pọ̀, kí ìyá yín tẹ kóòdù báńkì wọn, kí wọ́n wo iye tó wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ nọ́ńbà dunjú ni wọ́n, wọ́n á mọ̀ bó bá lé. ₦6.98 ni owó kóòdù náà lẹ́ẹ̀kan, láti oṣù kẹfà 2025 sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lára owó káàdì orí fóònù dípò àkáǹtì. Ìdí nìyẹn tí kóòdù fi ń kọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jà, tí wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Káàdì ni kò sí lórí fóònù. Kí wọ́n tẹ *310# kí wọ́n fi mọ iye tó kù.

Ìyá Ìbejì
Bàbá, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, Android náà ń ṣe é.

Olùkọ́ Àgbà
Ó ń ṣe é, ọmọ mi. Nígbà tí bátìrì bá kú ní aago méjì ọ̀sán, tí oníbàárà sì dúró síwájú wọn ńkọ́?

Ará Ilé Ní Kánádà
Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni èmi ń bá sọ̀rọ̀, torí mo mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn ọmọ wa níbí ò mọ ìyá wa. Èyí kékeré bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé màmá àgbà lójú ni àbí ohùn nìkan ni wọ́n. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ bíi pé faaji ni ọmọkùnrin náà ń ṣe.

Ìyá Aláṣọ
Òótọ́ lẹ sọ. Ó dáa, kí wọ́n ra Android náà, kó máa gbé ilé. Kó má dé ọjà rárá. Kí àbúrò yìí máa tọ́jú rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ Sunday kí wọ́n jókòó wo ojú ara wọn. Fóònù tó ń lọ sí Sábó ni kí SIM tí báńkì mọ̀ máa wà nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Fóònù méjì fún ìyá tó ń ta ẹlùbọ́?

Ìyá Aláṣọ
Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan! Ẹni tó ń ta ohun tí gbogbo ìlú ń jẹ, mélòó ni fóònù méjì?

Ọmọ Under-G
😂😂 Mo ti yí ohùn padà. Mo gbà.

Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. SIM tuntun ni kí wọ́n fi ṣí WhatsApp yẹn. Tí kóòdù WhatsApp onínọ́ńbà mẹ́fà bá wọlé sórí fóònù, tí ẹnì kan sì pè pé kí wọ́n ka á fún òun, ohun yòówù kó máa bẹ̀bẹ̀ lé lórí, kí wọ́n má kà á. Bí wọ́n ṣe gba WhatsApp ìyá ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, tí wọ́n fi ń yá owó kiri lórúkọ wọn. Tan two-step verification náà, ìyẹn PIN tí WhatsApp á tún máa béèrè lẹ́yìn kóòdù yẹn, kí o tó gbé fóònù fún wọn.

Ọmọ Ìyá Ẹlùbọ́
Ẹ ṣeun gan-an ni o. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ bínú pé kí ló dé tí a fẹ́ fi nǹkan tí òun rà pamọ́ sílé. Ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Aláṣọ nípa PIN fún un ló rọlẹ̀. Ó ní kí n ra méjèèjì, òun á fi díẹ̀ kún un.

Màmá gbà pẹ̀lú, àmọ́ wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Android yẹn jẹ́ tàwọn. Tèmi ni, àwọn kàn ń bá mi wò ó ni 😄

Bátìrì yẹn pòòyì bíi òkòtó, ọ̀gá. Mo ti yọ ọ́.

Ó ku ìbéèrè tí wọ́n rán mi. SIM wọn ti wà láti ayé Ọbásanjọ́, èyí tó tóbi yẹn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé tí a bá yọ ọ́, nọ́ńbà á bọ́ sọnù, àwọn ará Kíṣì ò sì ní rí àwọn pè mọ́.

Alátùn-únṣe Fóònù, Tàkíè
Sọ fún wọn kí ọkàn wọn balẹ̀. Nọ́ńbà ò sí lára fóònù. Ọ̀pọ̀ fóònù tọ́ọ̀ṣì tuntun ṣì ń gba SIM ńlá, ṣùgbọ́n wo ojú ihò rẹ̀ kí o tó sanwó. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ gé e. SIM tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè kú síbẹ̀, ìgbà náà wọ́n á ní láti fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ gba òmíràn, pẹ̀lú NIN. Tẹ *996# lórí rẹ̀ lónìí, kí o rí i pé NIN wọn ti so mọ́ ọn.

Àwọn orúkọ tó wà lórí SIM á bá a lọ, nǹkan bí 250 ló ń gbà. Èyí tó wà lára fóònù fúnra rẹ̀ ò ní bá a lọ, a ní láti kó wọn bọ́ sórí SIM ṣáájú. Nítorí náà má tíì ju èyí tó ti gbó yẹn nù, gbé méjèèjì wá.

Mo tún máa bá wọn to àwọn ará Kíṣì, ará Igbóho àti ìwọ sórí bọ́tìnnì 2, 3 àti 4. Wọ́n á kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi pè. Kọ́ wọn kí wọ́n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday.