Ọdún tí àkọ́rọ̀ òjò tàn mí jẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ ti sọ tiyín nípa bí ọ̀dá ṣe bá oko yín jà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Agbègbè Ìṣẹ́yìn ni mo ti ń dáko. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àkọ́rọ̀ òjò dé ní àárín oṣù kẹta, ó sì rọ̀ dáadáa fún ọjọ́ méjì. Inú mi dùn. Mo ti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, mo ti gba katakata, mo ti sun gbogbo pàǹtí orí ilẹ̀ títí ó fi mọ́ tónítóní bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Éékà 4, àgbàdo nìkan.

Ó hù. Òjò bá lọ. Ọjọ́ 24 gbáko, kò kán tó. Ewé àgbàdo ká jọ bí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti etí wá.

Ọ̀nà kan péré ló wà láàárín oko mi àti ti ìyá mi. Ọjọ́ kan náà la gbìn. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í sun ilẹ̀. Koríko tó bá ro, ẹ̀yìn ebè ló ń tẹ́ ẹ sí, ó sì ti gbin ẹ̀gúsí àti ẹ̀gẹ́ sáàárín àgbàdo tirẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbé omi lọ fún un. Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀, fọwọ́ kan ilẹ̀." Mo gbé ewé ẹ̀gúsí kan sókè, mo ká koríko abẹ́ rẹ̀ kúrò, mo ki ìka bọlẹ̀. Ó tutù! Yẹ̀pẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ekòló kan sì ń wọ́ lọ níbẹ̀. Mo padà sí tèmi, mo fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ. Eruku lásán. Mo jókòó sábẹ́ igi òrí, ojú mi sì kún fómi. Ìyá mi ní, "Ìwọ lo bọ́ ilẹ̀ láṣọ, o wá ń bá òòrùn wíjọ́."

Nígbà tí òjò padà dé, mo tún irúgbìn rà, mo tún un gbìn. Àgbàdo tó pẹ́ yìí ni kòkòrò wá bò. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, tó máa ń ya ìgbẹ́ bí ìyẹ̀fun pákó sínú ọ̀mùnú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, ọdún 2016 la sì kọ́kọ́ gbúròó rẹ̀ ní Nàìjíríà. Mo fín oògùn, ṣùgbọ́n ó ti wọnú lọ jìnnà, oògùn ò bá a. Ìyá mi ń bu eérú àti iyanrìn díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀mùnú tirẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní parọ́, kò pa gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe é lórí éékà 4. Lórí ilẹ̀ kékeré, ó gba nǹkan là.

Àpò 7 péré ni mo kó. Ọ̀kadà mi ni mo tà kí n tó san owó ẹgbẹ́. Ìyá mi ta ẹ̀gúsí, ó jẹ àgbàdo, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ títí di ọdún kejì.

Láti ìgbà náà, n kì í sun oko mọ́. Mò ń gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀gúsí sáàárín àgbàdo, ẹ̀wà sì ń tún ilẹ̀ ṣe, ó dín ajílẹ̀ tí mò ń rà kù. Àkọ́rọ̀ kò tún tàn mí: mo máa ń gbẹ́ ilẹ̀ wò bóyá omi ti wọ̀ ọ́ jìnnà, ìdajì oko ni mo sì ń kọ́kọ́ gbìn. Àgbàdo tó ń fara da ọ̀dá, irú èyí tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí tipẹ́, tó ń gbó ní nǹkan bí ọjọ́ 90, ni mò ń lò. Ìyá mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ pé kò dùn lẹ́nu. Lọ́dún tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n wọn kóńgò kan fún òun.

Ibi tó kù tó ń dùn mí ni koríko tí mo fi ń bo ilẹ̀. Ó tó fún éékà 1, kò tó fún 4, owó àwọn tó ń ru ú sì ti ń ju èrè lọ. Ẹni tó bá ti rí ọ̀nà tó fi ń bo ilẹ̀ tó gbòòrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí àkọ́rọ̀ tó dé.