Aago SDR méjì tí kò bára mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. SDR méjì (rédíò tí sọ́fíwia ń darí) ni mò ń lò pẹ̀lú GNU Radio, sọ́fíwia fún irú rédíò bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ń fi QPSK (ọ̀nà kan láti gbé dátà sórí ìgbì rédíò) ránṣẹ́, èkejì ń gbà á, kálukú pẹ̀lú aago inú tirẹ̀ tó ń darí ìyára rẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà) kúkúrú ń wọlé geere, àmọ́ ìparí èyí tó gùn máa ń dàrú. Mo mọ̀ pé bí a bá ń gba sáńpù (ìwọ̀n ìgbì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan) mílíọ̀nù 1 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyàtọ̀ 1 ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù) péré á mú kí aago méjèèjì fi sáńpù kan yàtọ̀ síra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ti lo Symbol Sync (irinṣẹ́ inú GNU Radio tó ń tún àkókò ìgbàwọlé ṣe) pẹ̀lú ọgbọ́n Gardner, ìyẹn ọ̀nà kan láti mọ bí àkókò ṣe yẹ̀ tó, mo dín loop bandwidth (bí àtúnṣe náà ṣe ń yára tó) kù, mo tún fi kún un, pàbó ni. Kí n fi wáyà gbé aago atọ́nà 10 MHz kan náà fún méjèèjì kò ṣeé ṣe, torí àwọn SDR náà máa jìnnà síra. Ṣé kí n ra GPSDO (aago tí sátẹ́láìtì GPS ń tọ́ sọ́nà) fún méjèèjì, àbí sọ́fíwia nìkan lè yanjú rẹ̀? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.