"Ìpínlẹ̀dọ́gba" kọ́: ilẹ̀ ẹkùn kì í ṣe ogún tí a fẹ́ pín

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo ilé. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìjẹ̀bú dá sílẹ̀, pé kí á máa pe iṣẹ́ tí àwọn olóyìnbó ń pè ní regional planning, ìyẹn ṣíṣètò ilẹ̀ ẹkùn kan lódindi, ní "ìpínlẹ̀dọ́gba", kí ìlò ilẹ̀ àti ìdàgbàsókè tó kárí lè wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo rí i pé àwọn kan ti pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ó dùn létí, ó kúrú, ó ṣeé kọ sára pátákó. Èmi kò lè bá wọn pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò dára, àárín rẹ̀ gan-an ni kò sì ti dára, níbi tí "pín" jókòó sí.

Ta ní ń pín ilẹ̀? Ọmọ olóògbé ni. Bàbá kú, wọ́n sin ín tán, ẹbí pé jọ, wọ́n pín oko. Ohun tí a bá ti pín ti kúrò ní àjùmọ̀ní nìyẹn. Oníkálukú a mú tirẹ̀, a gbin pèrègún sí ojú ààlà, ó di má kọjá ibí. Iṣẹ́ tí à ń wá orúkọ fún kò jọ èyí rárá. Ẹni tó ń ṣe é kò fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀. Ó ń wo gbogbo ilẹ̀ láti odò kan dé òmíràn, ó ń wí pé ibí yìí ni kí á máa dáko, ibí yìí ni kí ilé iṣẹ́ wà, igbó tọ̀hún kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ibí yìí ni kí ọ̀nà gbà kí irè oko lè tètè dé ọjà. Ìdílé tó ni ilẹ̀ lè má yí padà rárá. Kí ló wá kan pínpín?

Ẹ̀gbọ́n ní "dọ́gba" tó wà níparí ni yóò tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí wọ́n dá mi lóhùn: dọ́gba ti ìdí-igi ni, àbí ti orí-ò-jorí? Bí ọkùnrin kan bá kú tó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀, tí ìyáálé bí ọmọ kan, tí èyí tó tẹ̀lé e bí méjì, tí ìyàwó kékeré bí márùn-ún, ìdí-igi yóò wo iye ìyàwó, yóò pín oko náà sí ọ̀nà mẹ́ta, orí-ò-jorí yóò ka orí ọmọ, yóò pín in sí mẹ́jọ. Méjèèjì ni wọ́n ń pè ní dọ́gba. Méjèèjì náà ló ti tú agboolé ká. Bí dọ́gba kò bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo nínú oko ẹbí kan, báwo la ṣe fẹ́ fi ṣe òpó fún orúkọ ẹkùn tí Èkó àti Èkìtì jọ wà nínú rẹ̀?

Èkìtì kò lókun. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ èbúté sí Adó nítorí kí ó lè bá Àpápá dọ́gba. Èkó ẹ̀wẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju kìlómítà 3,577 níbùú-lóòró lọ, ó sì lé ní ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ tó jẹ́ omi. Kò lè gbin iṣu tí yóò bọ́ ara rẹ̀. Ohun tí à ń wá ni kí ti ibí bá ti ọ̀hún mu, kí wọ́n ṣe déédéé ara wọn. Ìró àti bùbá kò gba iye aṣọ kan náà, síbẹ̀ wọ́n ṣe déédéé lára ẹni tó wọ̀ wọ́n. "Déédéé" ni Yorùbá ní fún èyí. Ẹni tó mú "ìwọ̀ntúnwọ̀nsì" wá lánàá láti fi rọ́pò "dọ́gba" náà ṣìnà díẹ̀: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wà fún oúnjẹ, fún ọtí, fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwà ni ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn mi tó wúwo jù ni "ìpínlẹ̀" fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ní iṣẹ́ méjì lọ́rùn tẹ́lẹ̀. Lẹ́nu àwọn àgbà, ààlà ni. Bàbá mi àgbà a na àdá sí ẹsẹ̀ igi kan, wọ́n a ní "ìpínlẹ̀ wa nìyẹn", ìyẹn ni pé ibẹ̀ ni oko wa parí sí. Nígbà tí wọ́n dá Èkó sílẹ̀ ní 1967, tí wọ́n sì la Ìwọ̀-Oòrùn sí Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó ní 1976, ìpínlẹ̀ di ibi tó ní gómìnà. Ẹ wá fẹ́ gbé iṣẹ́ kẹta lé e, iṣẹ́ tó jẹ́ pé nítorí kí á lè rékọjá ìpínlẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀!

Ẹ wo ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Mọ́wé, Ìbàfò, Àrẹ́pò, abúlé ni wọ́n nígbà náà. Lónìí, ẹni tó bá dúró ní Bẹ́gà ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò rí èrò bí wọ́n ṣe ń rọ́ jáde látinú ọkọ̀. Lálẹ́, àwọn kọndọ́kítọ̀ a tún máa pè wọ́n padà: "Mọ́wé-Ìbàfò, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ògùn ni wọ́n ń sùn, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ta ni yóò kó ìdọ̀tí wọn? Ta ni yóò kọ́ ilé ìwé fún ọmọ wọn? Èwo nínú ìjọba méjèèjì ni yóò la títì tó gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá, tí ìdajì rẹ̀ wà níbí, tí ìdajì wà lọ́hùn-ún? Omi náà ńkọ́? Ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán tí wọ́n parí ní 1983 ń fún Abẹ́òkúta àti Èkó lómi. Bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, Odò Ògùn ni yóò gbé omi náà sọ̀kalẹ̀ wá bá àwọn tó kọ́lé sí ìhà Ìṣẹrì. Omi kò dúró lójú ààlà kí ó béèrè ìpínlẹ̀ tí òun wà. Ní 2021, gómìnà méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn yóò máa jùmọ̀ ṣètò ìdàgbàsókè. Ṣé "ìpínlẹ̀dọ́gba ti Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn" ni kí á wá máa pe ìyẹn lórí rédíò?

Mo rí ògiri kan ní abúlé kan tó wà lójú ààlà. Ọ́fíìsì kan ti fi ọ̀dà pupa fa igi méjì kọjá ara wọn sí i, wọ́n kọ "ẹ dáwọ́ dúró" sábẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì mìíràn ti fi ọ̀dà dúdú kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà tó fi hàn pé ilé náà ti wà nínú ìwé wọn. Màmá tó ni ilé ń sá èlùbọ́ sórí tapólì níwájú ògiri náà. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ìwọ tó mọ̀wé, ta ni kí n dá lóhùn nínú wọn?" Ìṣòro tí à ń wá orúkọ fún ojútùú rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìpínlẹ̀ ló fà á.

Àbúrò wa obìnrin tó ń kọ̀wé láti Houston dá "ìtòlẹ̀ ẹkùn" lábàá. Ẹ̀gbọ́n sì gbá a dànù, wọ́n ní ọmọdé tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ìtọ̀ ni à ń sọ. Èmi wà lẹ́yìn àbúrò wa. "Ò" kì í ṣe "ọ̀". Bí a bá fẹ́ máa sá fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí àmì abẹ́ lẹ́tà nìkan ya sọ́tọ̀, a kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ní láti tún ohùn rẹ̀ ṣe, nítorí pé ohùn náà ni yóò mú àríyànjiyàn ẹ̀gbọ́n kúrò. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e ní àbọ̀. "Wò" ni, ṣùgbọ́n wolé-wolé ni a ń pe ẹni tó ń wá yẹ inú àmù wò. "Wọ̀n" ni, ṣùgbọ́n wọnlẹ̀-wọnlẹ̀ ni sọ̀féyọ̀. Nítorí náà, "tò" yóò di "to ilẹ̀", "tolẹ̀", ÌTOLẸ̀. Ẹ sọ ọ́ sókè kí ẹ gbọ́ ọ. Kò sí ìtọ̀ kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, atolẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ìtolẹ̀ ẹkùn. Kò sí ìdí láti so "déédéé" mọ́ ọn nídìí, nítorí pé ìyá wa tó ní kí á to àwo kò tún ní pé kí á tò ó déédéé. Bí kò bá gún, wọn a ní a kò tíì tò ó.

Ẹni tó dá "wolé-wolé" sílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Kò jókòó sí ìgbìmọ̀ kankan. Ojú ló fi rí ohun tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ń ṣe, ó sì fi ẹnu pè é. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni èmi fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹnu àwọn tó ń fa ṣéènì ni mo sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ Yorùbá tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti rán wa létí nígbà bíi mélòó kan pé bàbá àwọn kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà. Àmọ́ ilẹ̀ kì í gbé inú kíláàsì.

Ní ti àwọn tó ní kí á lo "ẹlẹ́kùnjẹkùn", níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn: rárá o. Ẹ wo ẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà bíi ti "ẹlẹ́kajẹ̀ka". Ìpín-yẹ́lẹyẹ̀lẹ ni, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dára fún ìjọba tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan fẹ́ dá ṣe, kò dára fún iṣẹ́ tó ń wo ẹkùn kan ní odindi. "Ẹkùn" lásán tó. Arákùnrin tó ní ẹkùn yóò mú ẹranko wá sọ́kàn, ṣebí ojoojúmọ́ là ń gbọ́ "ẹkùn ìdìbò" lórí rédíò? Ohun tó yẹ kó bí wa nínú ni àwọn tó ń kọ ọ́ láìfi àmì sí i, tí "ètò ẹkùn" fi ń di "ètò ẹkún" lójú ẹni tó ń kà á. Mo ti sọ èyí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní mo ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà ẹ̀gbọ́n tó dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ: pé Yorùbá kò ní irú ìmọ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, nítorí náà dandan ni kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ tuntun. Òfin 1946 tí àwọn amúnisìn ṣe lórí ètò ìlú àti ìgbèríko ni wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ìgboro, oko etílé, oko ẹgàn? Ìgboro ni ilé, ọjà àti ojúde ọba. Oko etílé ni arúgbó àti ọmọdé lè lọ kí wọ́n sì padà wálé kí oòrùn tó wọ̀. Oko ẹgàn jìnnà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ahéré sí, ibẹ̀ ni àwọn géńdé ń gbé títí ọdún fi ń dé. Ọ̀dàn ti ọdẹ àti darandaran ni. Àkùrọ̀ ni wọ́n fi ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Bàbá mi àgbà fi hàn mí, wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ díẹ̀, omi ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ewébẹ̀ ló ni ibí." Wọn kò fi òfin kankan hàn mí. Lónìí, àkùrọ̀ náà ti di ẹ̀sítéètì, wọ́n fi iyanrìn dí i, ọdọọdún ni omi sì ń wọlé tọ̀ wọ́n. Ẹni tó ní "àkùrọ̀" nínú èdè rẹ̀ ti ní ìtolẹ̀ nínú èdè rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe é lójú wa. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, àwọn ọmọ tó jáde kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò fẹ́ oko mọ́, Ìbàdàn àti Èkó ni wọ́n ń dà gìrọ́gìrọ́ lọ. Ní nǹkan bí 1960, ìjọba dá àwọn oko sẹ́túmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Ìlọrà, ní Akúfó, ní Ẹ̀sà-Òkè àti níbòmíràn, wọ́n wo àpẹẹrẹ abúlé àgbẹ̀ alájọṣe tí wọ́n ń pè ní moshav ní Ísírẹ́lì. Ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ilé gbígbé ní Bódìjà, oko ní Ìlọrà: ẹkùn kan ni wọ́n ń tò nígbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn oko náà kò kẹ́sẹ járí, àwọn ọ̀dọ́ kò dúró. Bí a bá sì fẹ́ jíròrò ìdí rẹ̀, mo ṣe tán, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kò sí nǹkan kan ńlẹ̀.

Òfin 1978 (Land Use Act) tó kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà ńkọ́? Ẹni kan kọ ọ́ ní "Òfin Lílò Ilẹ̀", ẹni kejì ní "Òfin Ìlò Ilẹ̀" ni. Ti àkọ́kọ́ kò tọ́ fún ìdí kan náà tí mo sọ lókè: lílo ilẹ̀ ni, ohùn àárín. Láàárín "lílo ilẹ̀" àti "ìlò ilẹ̀", ìlò ni mo fara mọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé àwọn ará Ìbàdàn kò ní gbà fún mi.

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì ń retí èsì yín lórí ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Ẹ̀yin tó wà ní Kétu àti Pọ́bẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ìwé ìjọba yín jẹ́ èdè Faransé, kí ni àwọn àgbẹ̀ yín ń pe àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá fa ìlà sórí oko wọn pé ibí kí wọ́n gbin òwú, ibí kí wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó? Mo fẹ́ gbọ́ bí àwọn ìyá ọjà ṣe ń pè é, kì í ṣe bí tíṣà ṣe ń kọ ọ́.